Méje-Méje láti Ọgọ́rùn-ún

Ní Ozurgeti, òjò kì í dá, ó kàn máa ń mí díẹ̀ ni.
Ọjọ́ tó mí díẹ̀ ni Lamara wọ yàrá mi,
dúdú lórí, dúdú lọ́rùn, dúdú dé ẹsẹ̀,
Zviadi ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni da ẹran wá sọ́jà.

Ọdún méjìdínlógójì ni obìnrin yìí fi wọn ewé tíì
nílé-iṣẹ́ tí koríko ti gbà báyìí.
Wọ́n ní bí ẹnìkan bá fi òkúta sábẹ́ ewé,
ọwọ́ Lamara á ti mọ̀ kí irin òṣùwọ̀n tó mì.

Mo ní, "Ìyá, ẹ yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún,
ẹ tún yọ méje, kí ẹ máa yọ ọ́ lọ."
Mo tẹ aago. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kẹ́-kẹ́-kẹ́.
Ó ní, "Ẹ̀tàléláàádọ́rùn-ún."
Ó wo aago.
Ó wo bíró mi tó ń kọ ohun tí kò lè kà.
Zviadi pòṣé. Kò pariwo o, pòṣé kékeré,
irú èyí tí a ń ṣe bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni.
Ìyá ní, "Ọgọ́rin… rárá. Ẹ jọ̀ọ́."
Òǹkà tó ti dé etí ètè rẹ̀ sá padà bí òròmọdìẹ tó rí àṣá.
Mo ní kó ya aago fún mi, mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ó ya òbìrí kan, róbótó,
ó wá kó gbogbo nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ kan
bí èrò ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ dojú dé.

Mo ti kọ mẹ́rìndínlógún sórí ìwé.
Mo ti ń wá orúkọ àìsàn náà.
Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń gbọ̀n,
mo sì rántí ara mi ní Batumi, ọmọ ogún ọdún,
níwájú olùkọ́ mẹ́ta:
àwọn eegun ọwọ́ tí mo mọ̀ lálẹ́ àná bí orúkọ àbúrò mi
di eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun mi.
Ẹ̀rù kì í jí ìmọ̀ gbé.
Orí àpótí rẹ̀ ló máa ń jókòó lé.

Mo rán Zviadi lọ ra búrẹ́dì. Ó ní ṣọ́ọ̀bù jìnnà.
Mo ní mo mọ̀.
Mo ti aago bọ inú dúrọ́ọ̀, mo fi tówẹ́ẹ̀lì bò ó,
mo gbé omi kaná.
A sọ̀rọ̀ òjò. A sọ̀rọ̀ orúnkún.
Mo ní, "Àpò tíì kan wà, ọgọ́rùn-ún kílò.
Olè kan ń bọ̀ lóròòru, kílò méje, kílò méje."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni? Àbí Gurami ni?"
Kò dúró kí n dáhùn:
ẹ̀tàléláàádọ́rùn-ún, ẹ̀rìndínláàádọ́rùn-ún,
ọ̀kàndínlọ́gọ́rin, èjìléláàádọ́rin,
àrùndínláàádọ́rin, ó fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀, ó tún ń lọ,
títí ó fi ku méjì péré nísàlẹ̀ àpò.
Ó ní, "Ẹ fi méjì yẹn sílẹ̀ fún un. Ó lọ́mọ nílé."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ márùn-ún tí mo kà fún un nígbà tó wọlé:
afárá, iyọ̀, ẹṣin, bàtà, fèrèsé.
Ó pe mẹ́rin, lẹ́sẹẹsẹ.
Ó dákẹ́.
Mo ní, "Ohun tí à ń wọ̀ ni."
Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n."
Òjò tún bẹ̀rẹ̀.
"Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Méjèèjì. Láti oṣù kejì.
Zviadi ní kí n kó o dànù.
Mi ò fẹ́ pè é."

Ìwé mi ní àyè fún *ó rántí*, ó ní àyè fún *ó gbàgbé*.
Mo gbé bíró sókè, ó wà níbẹ̀.
Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ Zviadi lórí àtẹ̀gùn,
ìyá sì ti ń to ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì padà sórí itan
bí ọmọ iléèwé.